Ẹni méje, ọkọ̀ ẹni mẹ́fà: bí ẹbí kan ṣe háyà atukọ̀ lọ pẹja nídìí jẹ́tì Galveston

Ẹbí Yorùbá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, fẹ́ mú bàbá wọn tó wá kí wọn láti Ìbàdàn lọ pẹja lójú òkun kí bàbá tó padà sílé. Oṣù kẹwàá ni wọ́n mú. Àwọn méje ni: bàbá fúnra wọn, ẹni ọdún 68, ọmọ wọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, àbúrò ọkọ, àti ọmọ mẹ́ta, ẹni ọdún 16, ẹni ọdún 12 àti ẹni ọdún 4. Ìyàwó ló fẹ́ràn ẹja pípa jù nínú wọn. Òun ló rí atukọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn lọ sí jẹ́tì Galveston: dọ́là 750 fún wákàtí márùn-ún, èèyàn mẹ́rin, ọ̀pá ìwọ̀ àti ìdẹ wà nínú owó náà. Ó fi dọ́là 200 àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, láì tíì bá atukọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ìrìn náà yọrí sí rere níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kí ìwọ̀ tó kan omi rárá, wàhálà mẹ́rin ti yọjú, mẹ́ta nínú wọn ló sì jẹ́ pé ìpè fóònù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ì bá ti yanjú rẹ̀. Láti Houston dé Galveston kò ju nǹkan bí máìlì 50 lọ, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ nílùú náà. Ohun tó bá ẹbí yìí lè bá ẹlòmíràn lọ́la.

Jẹ́tì tí wọ́n ń sọ

Lọ́kàn bàbá àti àbúrò ọkọ, jẹ́tì ni irú ti Ìkòròdú tàbí ti Badore l'Ékòó: pèpéle tí èèyàn ń dúró lé kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti ra àga kíká mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò jókòó, àwọn yóò ju ìwọ̀ sómi, kúlà ìrẹsì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn.

Jẹ́tì Galveston yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ohun tó jọ ọ́ jù lọ nílé ni East Mole àti West Mole, àwọn ògiri òkúta tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Méjì ni ti Galveston. Èyí tó wà ní gúúsù bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ìlà oòrùn erékùṣù Galveston, ó gùn ju máìlì 6 lọ. Èyí tó wà ní àríwá bẹ̀rẹ̀ láti Bolivar Peninsula, ó sún mọ́ máìlì 5. Granite ni òkúta rẹ̀, gàgàrà gàgàrà. U.S. Army Corps of Engineers, ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ló kọ́ ọ ní ìparí àwọn ọdún 1800, kí iyanrìn má bàa máa dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Títí dòní, àárín ògiri méjèèjì ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Galveston, Texas City àti Houston ń gbà kọjá.

Kò sí irin ìdìmú lórí òkúta náà, kò sì sí pákó. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí ti gúúsù láti etíkun, ọ̀pọ̀ apẹja sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí omi ń kàn máa ń yọ̀ bí ilá, ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì mú bí abẹ. A kì í gba ẹni ọdún 68 nímọ̀ràn láti gun orí rẹ̀. Bí atukọ̀ bá polówó ìrìn jẹ́tì, ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọkọ̀ yóò gbé yín lọ síbẹ̀, yóò dúró sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 60 sí òkúta, ẹ ó sì máa ju ìwọ̀ láti inú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kan òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ ibi ìdúró tó ní irin ìdìmú àti àga, pier ni kó wá lọ, irú 61st Street Fishing Pier tàbí èyí tó wà ní Seawolf Park. Owó ìwọlé díẹ̀ ló máa san níbẹ̀, kò nílò atukọ̀ kankan.

Ẹ wá lè bi wá pé kí ló dé tí èèyàn yóò fi san owó tó tó bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀. Ẹja ni ìdáhùn. Àárín òkúta kún fún akàn àti edé. Ọ̀pọ̀ jù lọ omi inú Galveston Bay ló ń gba àárín ògiri méjèèjì wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde, oúnjẹ sì ń bá a ṣàn. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kọkànlá, àwọn àgbà redfish máa ń kó ara wọn jọ sí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti yé ẹyin. Redfish, tí ìwé ìjọba ń pè ní red drum, jẹ́ ìbátan àwọn croaker tí à ń rà lọ́jà Èkó. Ìdílé ẹja kan náà ni wọ́n. Àpò afẹ́fẹ́ inú wọn ni wọ́n fi ń dún kìì kìì bí ẹni ń lu ìlù, òun ló fún un lórúkọ drum. Ẹni tó bá mọ adùn orí croaker nínú ọbẹ̀ ata yóò mọ ìdí tí ìyàwó yìí fi ń wá a kiri.

Ọmọ orí itan ń gba àyè

Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìrìn náà ká. Ìyàwó rò pé ẹni mẹ́fà ni àwọn, torí pé ọmọ ọdún mẹ́rin yóò wà lórí itan bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú danfo. Nígbà tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí atukọ̀ pé àwọn ń bọ̀, ‘ẹni mẹ́fà àti ọmọ kékeré kan’, ìdáhùn tó gbà kúrú: kò ṣeé ṣe.

Atukọ̀ náà kò le koko lásán. Ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn atukọ̀ apẹja ní lọ́wọ́, èyí tí U.S. Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, ń fún wọn, ni wọ́n ń pè ní six-pack láàárín ara wọn. Èrò mẹ́fà ló gbà wọ́n láyè láti gbé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í ka atukọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ni wọ́n ń kà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbé ju mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí Coast Guard ti yẹ̀ wò, tó sì ní ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀. Atukọ̀ tó bá gbé ẹnì keje lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò má dá a lóhùn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n háyà ọkọ̀ méjì, owó náà á sì di ìlọ́po méjì. Èkejì ni ọkọ̀ èrò ńlá tó ti gba àyẹ̀wò. Olúkúlùkù ń san tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì dẹrùn, àmọ́ àjèjì yóò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹnì kan nínú àgbà dúró sí etíkun pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ọkọ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀, ìyẹn sì dára. Wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nínú oòrùn, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ ọdún mẹ́rin dán wò. Ó ku ẹni márùn-ún: ìyàwó, bàbá, àbúrò ọkọ àti ọmọ méjì tó dàgbà. Nítorí pé ẹni mẹ́rin ni owó 750 wà fún, atukọ̀ fi dọ́là 100 lé e fún ẹnì karùn-ún. Ó di 850.

Ìgbà yìí ni ìyàwó wá béèrè ìwé atukọ̀, ohun tó yẹ kó ti ṣe kí àsansílẹ̀ tó lọ. Méjì ni ìwé náà: ti Coast Guard, àti ìwé àṣẹ afinimọ̀nà apẹja tí Texas Parks and Wildlife Department ń fúnni. Atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ó ya àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí atukọ̀ kan bá ń yí ọ̀rọ̀ po lórí rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìwé àṣẹ ti apẹja

Ìwé atukọ̀ kò bo àwọn èrò. Olúkúlùkù tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja tirẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì kò nílò rẹ̀. Fún ìrìn ẹ̀ẹ̀kan, ìwé ọjọ́ kan tó gba omi dídùn àti omi iyọ̀ ló dára jù: dọ́là 11 fún ẹni tó ń gbé ní Texas, 16 fún àlejò. Ibi tí wọ́n ti ṣi ìṣirò ni ti àbúrò ọkọ. Oṣù mẹ́ta péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ní Texas lẹ́yìn tó kó wá láti New Jersey. Lójú òfin ibẹ̀, ẹni tí kò tíì gbé ní ìpínlẹ̀ náà ju oṣù mẹ́fà lọ láìdáwọ́ dúró, àlejò ni, bó tilẹ̀ ní ilé àti iṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ìyàwó san 11, bàbá àti àbúrò ọkọ san 16, 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 43.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò wáyé

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dá. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, atukọ̀ pè pé òun kò ní lọ. Ní Houston, oòrùn ń ràn, ewé igi kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ìyàwó fura pé ó ti rí oníbàárà tó sanwó jù àwọn lọ.

Àsọtẹ́lẹ̀ tí atukọ̀ wò yàtọ̀ sí ti orí fóònù tó ń sọ bóyá òjò yóò rọ̀. National Weather Service ní àsọtẹ́lẹ̀ ojú òkun lọ́tọ̀, ti ọjọ́ náà sì sọ pé afẹ́fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn yóò fẹ́ ní 20 sí 25 knot. Knot kan ju máìlì kan lọ díẹ̀ ní wákàtí. 20 knot tó nǹkan bí máìlì 23. Ohun tó burú ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe pàdé ìṣàn omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ń fà jáde láti inú Galveston Bay. Omi tó ń jáde tààrà pàdé ìgbì tí afẹ́fẹ́ ń tì wọlé, ìgbì náà sì dúró ṣánṣán, ó ga, ó súnmọ́ra, ọ̀kan kò jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 24 tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, tí wọ́n ṣe fún omi ọ̀sà, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àti pé òkúta wà lẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gba ìgbì láti gbé ọkọ̀ lé e.

Kò sídìí láti gba ọ̀rọ̀ atukọ̀ gbọ́ lórí ahọ́n lásán. Ẹnikẹ́ni lè ṣí àsọtẹ́lẹ̀ ojú òkun National Weather Service fún Galveston, kó wo afẹ́fẹ́ àti gíga ìgbì. NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wo òkun àti ojú ọjọ́, ní ohun ìwọ̀n kan tó léfòó (buoy), nọ́ńbà 42035, lójú òkun lẹ́yìn Galveston, ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní wákàtí náà. NOAA tún ní ibi ìwọn omi kan nídìí jẹ́tì àríwá tó ń fi hàn bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà. Ìyàwó wò ó ní àárọ̀ Sátidé, ó sì rí i fúnra rẹ̀.

Ohun tó gba owó rẹ̀ là ni àdéhùn tí kò kà kó tó sanwó. Bí atukọ̀ bá fagi lé e nítorí ojú ọjọ́, oníbàárà lè mú ọjọ́ mìíràn tàbí gba àsansílẹ̀ rẹ̀ padà. Bí oníbàárà bá fagi lé e láàárín wákàtí 72 sí àkókò, àsansílẹ̀ ti lọ. Àdéhùn tó dára nìyẹn, ṣùgbọ́n àtukọ̀ gbogbo kọ́ ló ní irú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: ta ló ń pinnu, ìgbà wo ló ń pinnu, báwo sì ni owó ṣe máa jẹ́ bí ẹ bá jáde tí ojú ọjọ́ lé yín padà lẹ́yìn wákàtí méjì.

Wọ́n mú ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá ti kọjá. Ọjọ́ tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó máa ń le, ó sì ń gbá omi jáde kúrò ní etíkun. Lọ́jọ́ kejì, ó ti rọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ Mọ́ńdè náà jẹ́ 8 sí 10 knot láti àríwá, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìyẹn ni ọjọ́ tí à ń wá.

Ìhà omi méjì, èbúté méjì

Lórí ìpè kejì yìí ni ìyàwó béèrè ibi tí wọ́n ti máa pàdé. Àdírẹ́sì náà kò sí ní Galveston. Bolivar ni, ní òdìkejì omi. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba ló ń gbé mọ́tò kọjá, kò gba kọ́bọ̀, kò sì gba tó ìdajì wákàtí lórí omi. Ìlà mọ́tò níbẹ̀ ni ìṣòro: ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lè dúró ju wákàtí kan lọ. Ká ní Sátidé àkọ́kọ́ wáyé ni, wọn ì bá dé èbúté tí kì í ṣe tiwọn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, atukọ̀ ì bá sì máa dúró dè wọ́n ní òdìkejì nígbà tí wákàtí márùn-ún wọn ń lọ. Wákàtí náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tí ẹ dá, bóyá ẹ dé tàbí ẹ kò dé.

Ìpè kan náà ni ìyàwó ti sọ fún atukọ̀ pé bàbá ní àtọ̀gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ó rí i níwájú.

Ẹrù tí wọ́n kó: omi mímu tó pọ̀, fìlà, aṣọ apá gígùn, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dúdú kó má bàa fi àmì sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìrẹsì nínú abọ́ ẹlẹ́nì-kọ̀ọ̀kan, àti ìpékeré. Wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ sílé. Èèwọ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀pọ̀ atukọ̀ apẹja ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbà pé ó ń lé ẹja. A bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ onílé. Kúlà ńlá fún ẹja dúró nínú mọ́tò, torí pé ọkọ̀ ní tirẹ̀.

Lórí omi

Atukọ̀ fi ibi tí life jacket wà hàn wọ́n, ó fi bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì hàn, ó sì kọ́ ìyàwó bí a ṣe ń fi rédíò pe ìrànlọ́wọ́ ní ìlà 16, tó bá jẹ́ pé òun atukọ̀ gan-an ló ṣubú. Atukọ̀ tí kò bá ṣe èyí kó tó tú okùn, ẹ bi í. Ọmọ ọdún 12 wọ life jacket rẹ̀ láti èbúté. Òfin Texas ni pé ọmọ tí kò tíì pé 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 26 bá ń rìn. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ní àárín, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í fò púpọ̀.

Nítorí pé àríwá ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, atukọ̀ lọ sí abẹ́ jẹ́tì àríwá, ní ìhà tó kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, kí ògiri lè gba afẹ́fẹ́ náà dúró fún wọn. Ìdákọ̀ró tó lò yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n: irin rọ́ọ̀dù lásán tí wọ́n tẹ̀ sí ìka mẹ́rin. Bó bá há sáàárín òkúta, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì fà á, ìka rẹ̀ á nà, á sì jáde. Ìdákọ̀ró olówó ńlá yóò dúró síbẹ̀ láéláé ni. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń so okùn rẹ̀ mọ́. Bí a bá so ó mọ́ ẹ̀yìn nínú ìṣàn tó le, omi á gorí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé.

Ọ̀pá mẹ́ta ló wà fún àgbà redfish. Okùn híhun tó lè gbé pọ́ùn 40, òjé oúnsì mẹ́ta tó ń yọ̀ lórí okùn, lẹ́yìn náà okùn nípọn tó lè gbé pọ́ùn 60, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, àti circle hook, ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yí padà sínú, nọ́ńbà 8/0. Okùn ìparí náà kúrú nítorí pé bó bá gùn, ẹja á gbé ìdẹ mì tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ìwọ̀ á sì kọ́ ọ ní ikùn. Ìdẹ rẹ̀ ni ìdajì akàn, tí wọ́n ti ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ti já ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ihò ẹsẹ̀ ni ìwọ̀ ń gbà wọlé. Àrọ̀ òkun máa ń jẹ ẹja mullet gígé tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n akàn máa ń pẹ́ lórí ìwọ̀.

Ọmọ ọdún 16 sọ méjì nù léraléra. Ó rí i tí ọ̀pá tẹ̀, ó sì já a sókè tagbáratagbára, bí gbogbo ẹni tó kọ́ ẹja pípa nínú odò ṣe ń ṣe. Pẹ̀lú circle hook, jíjá a sókè ló ń fa ìwọ̀ jáde lẹ́nu ẹja. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹja fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa ká okùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìwọ̀ á yí sí igun ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta tó jẹ, ó ká a bẹ́ẹ̀, ó sì wọlé: íǹṣì 41.

Ẹja ọ̀hún padà sómi. Texas gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti mú redfish mẹ́ta lóòjọ́, tí gígùn wọn wà láàárín íǹṣì 20 àti 28; èyí tó bá ju 28 lọ nílò káàdì pàtàkì tó máa ń bá ìwé àṣẹ ọlọ́dún ti omi iyọ̀ wá. Láti imú, pẹ̀lú ẹnu ní pípadé, dé ṣóńṣó ìrù tí wọ́n ti pọ̀ pọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn kì í ka atukọ̀ mọ́ iye èèyàn tí wọ́n fi ń ṣírò ẹja ọkọ̀, nítorí náà ẹ má retí pé yóò fi ẹja tirẹ̀ kún tiyín. Bí ẹja ńlá ṣe ń padà sómi ṣe pàtàkì: ẹ má fi àgbọ̀n rẹ̀ nìkan gbé e kọ́ fún fọ́tò, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, kí ẹ sì dì í mú nínú omi, kó kọjú sí ìṣàn, títí yóò fi fi ipá já ara rẹ̀ gbà.

Ìyàwó mú ọ̀pá kékeré lọ sí iwájú ọkọ̀, ó ń wá sheepshead, ẹja abilà dúdú àti funfun tí eyín rẹ̀ jọ ti èèyàn. Ìwọ̀ kékeré tó le, òjé bí ẹ̀wà kan, edé ààyè kan. Ẹ̀gbẹ́ òkúta gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Sheepshead kì í fà. Ó ń fọ́ edé lẹ́nu jẹ́jẹ́, okùn tó dẹ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀ àti òjé ló há sí òkúta. Bí ìwọ̀ kò bá há rárá, ẹ ti jìnnà sí ẹja jù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, atukọ̀ ní kí gbogbo ìwọ̀ jáde, kí gbogbo èèyàn jókòó. Ọkọ̀ epo kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìgbì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ ń fà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, òkúta á yọ síta, lẹ́yìn náà ni omi á padà ní ìgbì mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì ti wà ní títàn, iwájú ọkọ̀ sì kọjú sí i. Àwọn apẹja tó ń dúró lórí òkúta fúnra wọn ni irú omi yìí máa ń gbá lọ.

Bàbá fa àrọ̀ òkun kan wọlé, irú tí wọ́n ń pè ní hardhead. Wọ́n nawọ́ láti tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú ti àrọ̀ nílé. ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!’ Ìyàwó ló ké, atukọ̀ sì ti na ìbọ̀wọ́ àti ohun ìtú ìwọ̀ sí wọn. Ẹ̀gún ẹ̀yìn hardhead àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní oró, wọ́n sì ní eyín bí ayùn tó ń fa ẹran ya nígbà tó bá ń jáde. Bó bá gún èèyàn, omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, máa ń dín oró náà kù. Fún alátọ̀gbẹ, ewu mìíràn tún wà. Nínú omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ti Gulf, òkun tó wà níwájú Galveston, ni bakitéríà Vibrio vulnificus ń gbé, ojú egbò kékeré ló sì ń gbà wọlé. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí àtọ̀gbẹ ni ó máa ń pa lára jù. Bí egbò bá wú, tó pọ́n, tó sì ń dunni ju bó ṣe yẹ lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nítorí ìpè yẹn, ìbọ̀wọ́ bàbá ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀.

Àbúrò ọkọ nìkan ni òkun mú. Ó ní oògùn èébì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ ló ti lò ó. Oògùn meclizine nílò wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́. Ilé ni a ti ń lò ó. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun, ara rẹ̀ sì balẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Ìṣirò àti ẹja

Ohun tí wọ́n mú wálé: redfish méjì, íǹṣì 24 àti 26, sheepshead mẹ́ta tó kọjá íǹṣì 15 tí òfin béèrè, àti black drum kan, íǹṣì 22. Redfish ńlá mẹ́rin padà sómi pẹ̀lú àkùràkudà kékeré kan. Wọn kò mú àrọ̀ kankan wálé. Ìjọba Texas ti kìlọ̀ tipẹ́ nípa jíjẹ àrọ̀ láti inú Galveston Bay nítorí kẹ́míkà tó wà nínú ẹran rẹ̀, pàápàá fún aboyún àti ọmọdé.

Dọ́là 650 tó kù ni wọ́n san ní èbúté. Wọ́n fi 170 kún un bí ẹ̀bùn (tip) fún atukọ̀, ìyẹn ìdá 20 nínú 100. Láàárín 15 àti 20 ni àṣà ibẹ̀, kì í sì í sí nínú owó tí wọ́n polówó. Pẹ̀lú ìwé àṣẹ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,063.

Atukọ̀ ti fa ọ̀bẹ yọ nídìí tábìlì ìgéja. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan fún un, yóò bẹ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò sì ju orí, ọrùn àti egungun sómi fún ẹyẹ. Orí redfish tóbi, nítorí náà ẹran tí wọ́n ń bẹ́ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹja péré. Gbogbo ìyókù ni ọbẹ̀ ata ń wá. Ìyàwó ní kó yọ ìfun àti ìjàǹgbọ̀n tí ẹja fi ń mí nìkan, kó fi orí sílẹ̀. Inú atukọ̀ dùn sí i, iṣẹ́ rẹ̀ dín kù. Wọ́n ha ìpẹ́ sheepshead pẹ̀lú ṣíbí láti ìrù sí orí, torí ó le. Nínú ẹran black drum, wọ́n rí aràn funfun gígùn bíi mélòó kan. Ó wọ́pọ̀ nínú ẹja náà, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan bí ẹja bá jinná. Ẹ fi ọ̀bẹ fà á jáde. Àpò yìnyín méjì, pọ́ùn 20 kọ̀ọ̀kan, ló bo ẹja nínú kúlà, pẹ̀lú omi òkun díẹ̀ kí òtútù lè yí gbogbo ara wọn ká.

Aládùúgbò kan rí redfish náà nílé, ó ní òun fẹ́ ra ọ̀kan. Wọn kò tà á. Láti 1981 ni òfin Texas ti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa ta redfish tí wọ́n pa nínú omi ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n gé èyí tó kéré sí méjì, wọ́n sì fi apá tó ní orí ta á lọ́rẹ.